Bí 'Omi Dà?' Ṣe Pa Ẹnu Irọ́ Mọ́ ní Kábà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jó sí "Omi Dà?" níbi ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ yín ṣì wà lẹ́yìn ìyá yín lọ́dún ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí orin náà di tiwa. Tísà ni mí nígbà náà, ara mi ṣì le, ẹnu mi sì mú.

Dúpẹ́, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Iffe, ló kọ ọ́. Gìtá onígi kan ṣoṣo ló ní, a sì máa ta á lọ́nà régè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò bínú. Ó máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ná: "Okun o, ará ilé. Okun o, ará oko." Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè: "Omi dà?" Ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbé wá kò sun ẹ̀kán kan rí, omi odò sì ń dá àwọn ọmọ wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn la fà kalẹ̀ fún ipò alága, torí ó ṣèlérí omi. Orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Láti Ògìdì dé Òkè-Bùkún, kò sí ẹnu tí orin yẹn kò sí.

A dìbò, wọ́n kà á lójú wa, nọ́ọ̀sì ló wọlé. Àmọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò, ọmọ ilẹ̀ wa gan-an, jáde sí pápá ní Kábà láti kéde èsì, a ti gbọ́ pé ohun tó fẹ́ kà kì í ṣe ohun tí a rí. Ọlọ́pàá dúró yí i ká. Inú ń bí mi, mo sì ti ara mi dé iwájú rẹ̀ gan-an.

Dúpẹ́ bá gbé ohùn sókè: "Okun o!"

Ẹ mọ̀ ọ́n, lọ́dọ̀ wa a kì í kí ẹni ní okun kó dákẹ́, bí ìjà tilẹ̀ wà nílẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó rò ó, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Okun o." Gbohùngbohùn gbé e jáde, gbogbo pápá sì fi orin gbà á:

"Omi dà?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Tísà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Má kà á nígbà náà."

Ó ká ìwé náà, ó wọ mọ́tò, ó lọ. A jó, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn mìíràn ka irọ́ kan náà lórí rédíò, pé ẹgbẹ́ kejì ló wọlé. A lọ sí kóòtù, ẹjọ́ ń fà títí sáà fi tán. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dà bíi pé táyà òtítọ́ tiwa jò lọ́nà. Síbẹ̀, a rí i pé ọmọ wa kan lè kọ̀ láti purọ́ mọ́ wa, ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹgbẹ́ tó jí ìbò wa náà ti ń fi orin yẹn polongo báyìí. Àìnítìjú ńlá!

Láìpẹ́ yìí, èmi àti Dúpẹ́ pàdé níbi ìgbéyàwó kan ní Iffe. Wọ́n gbé orin rẹ̀ sí i, tọmọdé tàgbà dìde, wọ́n ń jó. Àwọn obìnrin tó ń gòkè bọ̀ láti odò, kẹ́ẹ̀gì omi lórí wọn, náà ń gbe orin.

Mo ní, "Dúpẹ́, orin rẹ kò kú o."

Ó wo kẹ́ẹ̀gì orí àwọn obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tísà, inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó ṣojú mi kí wọ́n gbàgbé ẹ̀."