Òdo Tó Ń Ṣọ́lé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sáré ka nọ́ńbà fóònù, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ṣe ní Òkè-Ìlèwó títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn á kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ìlú, wọn á sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó pe ìyókù. Wọ́n ní, "A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ìlú ká tó wá ilé." Tí wọ́n bá rí 039 lára pátákó àtijọ́ ní Ìtòkú, wọn á rẹ́rìn-ín: "Abẹ́òkúta nìyẹn o!"

Nígbà tí àbúrò ọkọ mi dé Kánádà, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé fóònù Màámi kò lọ. Mo fi nọ́ńbà tó ń pè hàn Màámi, wọ́n ní:

"Ó fi òdo sẹ́yìn 234. Sọ fún un kó yọ ọ́. Òdo iwájú kì í bá nọ́ńbà rìnrìn àjò, ilé ló ń ṣọ́."

Kò pẹ́ tí fóònù wọn fi dún.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ọkọ mi bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màámi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ọmọ mi, èmi ni òdo yín. Ìgbàkígbà tó o bá délé, iwájú ni wàá ti bá mi."

Ó wá ní, "Màámi, mo ń bọ̀ ní Kérésì."