Oògùn Tí Fọládé Dà Sí Ṣáláńgá

Ẹ má bá mi kí Fọládé o. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà Olúpọ̀nnà, ẹ sọ fún un pé Tinúkẹ́ ò fẹ́ rí i sójú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọkọ mi, Ògúnbáyọ̀. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ọ̀nà Ìwó sí Kuta ni wọ́n ń ná kí àìsàn tó gba ojú wọn méjèèjì. Nígbà tí dókítà ní ojú náà ò lè là mọ́, ṣe ni ọkọ mi kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹun, wọn ò wẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Tinúkẹ́, jẹ́ kí n kú."

Àwọn aládùúgbò ní ó máa mọ́ wọn lára. Irọ́ ni! Mo mú wọn padà sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wọ́n. Ọkọ mi gan-an ló bi léèrè ọ̀rọ̀, kò bi mí. Ó ní àìsàn ni ìbànújẹ́ yẹn náà, ó sì ní ìtọ́jú. Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n máa wá kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ.

Ni Fọládé, tí mo máa ń pè ní Bàbá Níyì, bá dé. Kò tiẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Èmi ló bi: "Ìyàwó, ṣé wọ́n ti jẹun?" Àfi bí ẹni pé àga ni ọkọ mi! Ó rí oògùn náà, ó bi mí ohun tó wà fún. Mo ṣàlàyé.

"Oògùn wèrè! Kò sí wèrè nílé wa! Ṣé o fẹ́ kí gbogbo Ìwó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá.

Mo di í láṣọ mú. "Bàbá Níyì, ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Nígbà tí wọn ò jẹun, níbo lẹ wà?"

"Fọládé!" Ọkọ mi ti dìde, wọ́n di ẹnu ọ̀nà mú. "Èmi ni mò ń ṣàìsàn, kì í ṣe ìwọ. Jáde nílé mi."

Fọládé wò mí. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?"

"Èmi ni kó o dá lóhùn, òpònú!"

Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bú sẹ́kún, inú mi sì ń dùn. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n sunkún tán.

"Tinúkẹ́, bàtà mi dà? Jẹ́ ká lọ gba oògùn mìíràn kí ọsibítù tó palẹ̀ mọ́."