Ọdún Tí Màmá Já Ewé Àjàrà Mi

Ẹ̀yìn ilé wa ní ìta Torino kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ. Òtútù máa ń tètè dé ibẹ̀ ju àárín ìlú lọ, torí òkè tó wà lẹ́yìn wa kì í jẹ́ kí oòrùn pẹ́ lára wa. Síbẹ̀ mo gbin àjàrà síbẹ̀, ó sì hù. Ẹni tó bá wí fún yín pé kò ṣeé ṣe, ẹ má dá a lóhùn.

Ọwọ́ bàbá ará Ítálì tó ń gbé ní òdìkejì ọgbà wa ni mo ti gba ẹ̀ka tí mo gbìn. Wọ́n ní uva fragola ni wọ́n ń pè é, àjàrà dúdú tó máa ń ta sánsán, tí òtútù kì í tètè pa. Bàbá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Bí a ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́ nílé ni mo ṣe gbìn ín: mo gé e ní ìwọ̀n apá, mo dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, mo ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìyókù síta. Bàbá wo ọwọ́ mi, wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó kú nínú wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kì í sì í fi pa mọ́.

Gbogbo àwa tí a dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọ àjàrà kí a tó fojú rí i. Wọ́n wàásù rẹ̀ fún wa títí, kò sì sí ẹni tó tọ́ ọ wò nínú wa. Nítorí náà, nígbà tí tèmi gun wáyà dé orí fèrèsé kíṣínì, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, mo sì ń fi yangàn. Èso rẹ̀ nìkan ló ń dójú tì mí. Ọdún tó kọ́kọ́ so, ó kan bí ọsàn tí kò gbó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kò tilẹ̀ tíì dúdú tí kùrukùru oṣù kẹwàá fi dé bá a, tó sì bu. Mo dá oòrùn lẹ́bi, mo dá òkè lẹ́bi. N kò dá ara mi lẹ́bi, kì í ṣe ìwà mi.

Lẹ́yìn èyí ni Màmá dé. Bàbá mi ti kú, ó wá ku ìyá mi nìkan sínú ilé ńlá, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo sáré ìwé títí wọ́n fi dé, ó ku permesso, ìwé tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè máa gbé ìlú yìí. Àwọn ọlọ́pàá Questura ti fún wa ní ọjọ́ tí Màmá máa wá tẹ̀ka, ó bọ́ sí oṣù kẹwàá. Bí Màmá bá padà sílé kí ọjọ́ yẹn tó pé, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn kò ní gbà láti wá lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n sì fẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí wọ́n ti ní kí n bá àwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n dúró gba ìwé, mo ní kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò gbà. Lójoojúmọ́, èmi á lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi á lọ sí fabbrica, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ sí ilé ìwé. Bí àwọn ọmọ bá dé, Yorùbá ni Màmá á fi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Ítálì ni wọ́n á fi fèsì.

“Mo kàn jókòó bí ẹrù ni,” ni Màmá wí fún mi. “Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi mí ṣe níbí. Mo ṣì lè roko.”

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi dá wọn lóhùn wà nínú mi, kò jáde. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí àjàrà pọ́n ná, Màmá. Ẹ ò lè wá sí Ítálì kí ẹ má jẹ àjàrà ẹ̀yìn ilé ọmọ yín.”

“Èyí tí o ní kì í pọ́n yẹn?”

“Ti ọdún yìí máa pọ́n.”

N kò mọ ohun tí mo gbójú lé. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ooru mú dáadáa, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Mamma, la nonna ha tolto le foglie,” ló wí. Ìyá àgbà ti já ewé. Mo rò pé ewé kan tàbí méjì ni. Mo gba ẹ̀yìn lọ. Gbogbo ìsàlẹ̀ àjàrà mi, níhà kíṣínì níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ, ti di ìhòòhò. Ìdì èso tútù so rọ̀ ní gbangba, ewé ku òkè nìkan. Mo wọlé, òórùn irú ti gba gbogbo kíṣínì. Màmá jókòó ti báàfù, wọ́n ń fi iyọ̀ fún ewé àjàrà bí ẹni ń fọ ewúro.

“Ewé tó dára tó báyìí, ẹ kàn ń wò ó,” ni wọ́n wí. Inú wọn dùn. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. “Mo fi orí rẹ̀ sílẹ̀, kó lè tún hù.”

“Màmá, ewé yẹn ló ń bọ́ èso. Ẹ ti pa á.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi tí mo gbìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ nínú ọgbà yẹn.”

Màmá se ọbẹ̀ náà tán, torí wọn kì í fi oúnjẹ ṣòfò, ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu kàn án. Ọkọ mi tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Bí a ti palẹ̀ àwo mọ́, Màmá ní, “Ra tíkẹ́ẹ̀tì mi. Kí n lọ kí òtútù tó dé.” Orí kunkun la fi jọ ara wa. Mo rà á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá aládùúgbò wa yọjú lórí ọgbà, wọ́n béèrè ẹni tó já ewé. Mo ní ìyá mi ni, mo fẹ́ máa ṣàlàyé. Bàbá ní kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Níbi tí oòrùn kò bá ti tó, wọ́n ní bí àwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: ewé ìsàlẹ̀ nìkan, níhà oòrùn àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè kan èso. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ sọ fún mi. “Ma lei non ascolta,” ni wọ́n fi kún un, pé n kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá, mo bẹ̀ wọ́n fún ohun tí mo sọ. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ń bá ẹ̀wà ṣíṣà lọ. Mo ní ká sún ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì síwájú kí àjàrà lè pọ́n. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi àjàrà ṣe.

Ó sì pọ́n. Nígbà tí ìrìn àjò Màmá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, àjàrà ti dúdú kanlẹ̀, òórùn rẹ̀ ń wọ inú ilé láti ojú fèrèsé. Mo gé ìdì tó tóbi jù, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ bá Màmá ní yàrá. Wọ́n ti di àpótí wọn, wọ́n ń fi okùn so ó. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n pọ́n ọn lá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó dùn,” ni wọ́n wí.

“Mo sọ fún yín pé yóò pọ́n.”

“O sọ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n mú òmíràn. “Mo ti jẹ àjàrà ọmọ mi. Ó kù kí n máa lọ.”

Mo wá àwáwí mìíràn, kò sí. Mo ti lo ti ìwé, mo ti lo ti dókítà, àjàrà ló kù, Màmá sì ti ń jẹ ẹ́.

“Ẹ má lọ,” ni mo wí. “Kì í ṣe nítorí permesso. Èmi ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì mí. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ pé bàbá mi kú. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. N kò fẹ́ gbọ́ tiyín lórí fóònù.”

Màmá tu kóró àjàrà sí àtẹ́lẹwọ́.

“O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí,” ni wọ́n wí. “Ti àjàrà lò ń sọ.”

Mo tún un sọ. Màmá fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sọ́dọ̀ mi.

“Tú okùn yẹn,” ni wọ́n wí.