Ẹ̀rọ Tó Ní Mo Ti Ṣubú

Kẹ̀kẹ́ náà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí n tó gùn ún rárá. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sabon Gari yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá àgbà wa wá sí Kano láti Ọ̀fà. Ohun tó dá mi dúró ni pé mi ò tíì mọ ohun tí yóò máa bá mi ka ìrìn tí mo bá rìn.

Dókítà ló ní kí n ra kẹ̀kẹ́. Sípù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mò ń tà ní France Road, orí àga ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ikùn mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo Sátidé, kí n sì máa mọ bí ọ̀nà tí mo rìn ṣe jìn tó àti bí mo ṣe ń yára sí, kí n lè wá sọ fún òun. Mo ní ó dáa, sà. Àfi ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé mi ò bi í léèrè ohun tí n ó fi wọ̀n ọ́n.

Ilé wa pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní fóònù mi ti tó. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi dáhùn. "Daddy, your phone fit do am. Wetin remain?" Bẹ́ẹ̀ ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Niger Street, ní irọ́ ni. Ó ní kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ni ọkùnrin gidi ń lò, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

"Ṣé fóònù lo fẹ́ gbé síta ní Kano yìí?" Ó na ìka sí mi. "Kí wọ́n já a gbà lójú títì? Gbogbo nọ́ńbà oníbàárà rẹ ńkọ́?"

Ìyàwó mi wá láti ibi ìdáná, ó nu ọwọ́. "Ṣé kẹ̀kẹ́ ò lè rìn tí ẹnikẹ́ni ò bá kà á ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ dán wò, nítorí ó ti wà nílẹ̀. Ọmọ mi fi ohun tó ń ka ìrìn sínú rẹ̀, ó gé rọ́bà inú táyà àlòkù, ó sì fi de fóònù náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pinpin. Mo gbéra ní àárọ̀ Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí Niger Street ni obìnrin kan pariwo látinú fóònù pé mo ti ń lọ́ra. Mo ní kó má bínú. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, aago wọlé. Télọ̀ kan ní Enugu Road ló ń pè, ó fẹ́ sípù. Mo gbìyànjú láti yọ fóònù, rọ́bà ò gbà. Ni mo bá tẹrí ba mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo ń fi ẹsẹ̀ wà á lọ, mo ń pariwo:

"Dúdú ni àbí búráùn? Èyí tó gùn àbí ti kọ́là?"

Bí mo ṣe ń kọjá níwájú àwọn tó ń mu tíì lọ́dọ̀ mai shayi nìyẹn. Gbogbo wọn gbé ife dúró. Ọ̀kan nínú wọn kí mi ní "Sannu, Baba", bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Oòrùn wá mú. Fóònù náà kọ ọ́ síwájú mi pé ara òun ti gbóná jù, ó sì kú. Télọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. A ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dé. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká, mo tú u, ó dára lójú. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ sójú ni pé kí n lọ mú fóònù mi wá. Ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí fóònù.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn, bóyá ibòmíràn wà lára rẹ̀ tí yóò ti sọ ohun tó yàtọ̀.

Ọmọ mi náà ló bá wa so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó bi mí pé àwọn wo ni kí ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí tí nǹkan bá ṣe mí lọ́nà. Mo ní kó fi ìyá rẹ̀ sí i, kó fi ẹ̀gbọ́n mi sí i, kó fi pásítọ̀ wa náà sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fi fóònù sápò, mo pa ohùn rẹ̀ pátápátá, torí pé ìsinmi lọ́wọ́ aago ni mo tìtorí ẹ̀ ra ẹ̀rọ. Mo gbéra. Mo fi ẹsẹ̀ wà á, mo làágùn, mo mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nígbà tí mo wo ẹ̀rọ, ó ní mo dúró. Mo tún wà á kíkan-kíkan. Ó ṣì ní mo dúró. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọmọ mi wá ṣàlàyé fún mi pé tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ́ra jù, ẹ̀rọ náà á gbà pé ẹni tó gùn ún ti sinmi. Ewúrẹ́ kan jáde látinú gọ́tà, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjá mi.

Inú bí mi. Mo yà sọ́dọ̀ Hajiya tó ń dín masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ní etí títì. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti igi dógóyárò, mo jókòó, mo ní kó bu ọbẹ̀ miyan taushe lé e fún mi. Masa kejì ni mo ń jẹ lọ́wọ́ tí kẹ̀kẹ́ náà yọ̀ lára igi, ó sì ṣubú gbàgà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Mo wò ó níbi tó dùbúlẹ̀ sí, mo ní kó máa ké lọ, ṣebí òun ló ní mo ti dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ń bi mí bóyá mo wà láàyè ni, àti pé tí mi ò bá dáhùn, òun á sọ fún àwọn èèyàn mi. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo ní kí Hajiya fi masa díẹ̀ kún un.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti já níbi tó ṣubú sí. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Hajiya, mo sì ń tì í bọ̀ wálé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo gba àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké tí òjìji wà.

Nígbà tí mo máa yọ sí ilé wa, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ wa dúró sáàárín wọn, gbogbo wọn di ojú, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá arúgbó kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa tí ara rẹ̀ kì í le, mo rò pé òun ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo ṣí fìlà, èmi náà di ojú.

"Olúwa, tu ẹbí yìí nínú," ni pásítọ̀ wí.

"Àmín," ni mo wí.

"Má jẹ́ kí opó yìí sunkún mọ́."

"Àmín o!" Àmín tèmi ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Mo tẹ́tí sọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò wa tó dúró tì mí. Mo rọra bi í pé, "Mọ́mì, ta ló kú?"

Kò la ojú. "Bàbá onísípù ni."

Onísípù mìíràn wà ní Enugu Road, òun ni ọkàn mi lọ bá. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, a jọ máa ń pín ọjà láàárín ara wa. "Háà! Kí ló ṣe é?"

"Kẹ̀kẹ́ ni. Dókítà ló ní kó máa gùn ún."

"Dókítà tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ni mo wí, ara mi sì bù máṣọ.

Ìyá yẹn la ojú kan. Ó wò mí. Ó la ojú kejì. Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn kan sá wọlé, àwọn kan sá sí títì. Pásítọ̀ nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ó wò mí fírí, ó tún ojú dì, kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró, ó kàn yí àdúrà náà sí ìdúpẹ́.

Ìyàwó mi jáde láti pálọ̀, àwọn obìnrin méjì dì í mú. Mo rò pé yóò dì mọ́ mi. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu mi.

"Dádì, òróró masa wà létè yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kẹ́yìn dé, nínú adaidaita sahu, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó wọ ẹ̀wù sódì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ̀rọ náà ti fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí i, ó sì ti sáré lọ síbẹ̀. Ó bi Hajiya pé bàbá oníkẹ̀kẹ́ dà. Hajiya ní, "Ya tafi."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní mo ti lọ ni," ni mo wí.

"Ohun tí mo sọ fún ìyàwó rẹ lórí fóònù náà nìyẹn!" "Mo ní wọ́n ní o ti lọ!"

"Kí ló dé tí ẹ ò bi í pé ibo?"

"Ṣé ẹnikẹ́ni máa ń béèrè bẹ́ẹ̀?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ jẹ ìrẹsì tán tí wọ́n lọ, a tún jókòó yí tábìlì ká. Ọmọ mi ní kí n yan ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn sinmi. Mo ní mo ti yan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fóònù á máa wà nílé, kó má lè ránṣẹ́ ikú mi kiri mọ́.

Ìyàwó mi ní kò ṣeé ṣe. "Tí ẹ bá wá ṣubú lóòótọ́ ńkọ́? Ta ló máa sọ fún mi?"

"Èmi ni mo máa sọ fún ọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àmín sí òkú ara yín?"

Òun ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní òun ni yóò máa mú fóònù lọ́wọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀, kí aago má sì yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í bá fóònù sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá jìnnà síra. Nítorí náà, ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó háyà adaidaita sahu kan, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lórí itan àti fúláàsì tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé mi. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ níwájú, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn èèyàn France Road bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́nà fún mi, wọ́n rò pé ẹni ńlá kan ni mí. Àwọn mìíràn juwọ́, mo juwọ́ padà.

Ó ti di ìṣe wa báyìí. Awakọ̀ kan náà ló máa ń gbé e, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Hausa tó ní sùúrù, àmọ́ sùúrù náà ní ibi tó mọ. Sátidé tó kọjá, ó dá ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun ò lè máa lọ́ra báyìí mọ́, ó ti fẹ́ jóná. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun na ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, kí n sì fi ọkọ̀ gbé Mọ́mì, ìyàwó mi. Mo mọ̀ ọ́n wà, nítorí mo ti gun alùpùpù rí. Ó gun kẹ̀kẹ́ mi, ó fò lọ bí ọfà. Èmi àti ìyàwó mi ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bu tíì fún mi, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lára.

Nígbà tí a délé, ẹ̀rọ náà kí mi kú oríire. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí, n kò sáré tó báyìí rí. Ìyàwó mi ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.