Ọjọ́ Tí Mo Ti Àpérò Akẹ́kọ̀ọ́ Dé Ugbonla

Ọjọ́ tí mo ti àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà padà sí Ugbonla ni ojú tì mí jù láyé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló rán mi lọ sọ bí òkun ṣe ń gbé ilé wa lọ. Ṣùgbọ́n ìjà ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àga ń fò, ojú fèrèsé ni mo gbà sá. N kò sọ gbólóhùn kan.

Bí ọkọ̀ ojú omi wa ṣe gúnlẹ̀, orin ni àwọn ará ìlú fi pàdé mi. Ìyá àgbà dì mọ́ mi: "Ṣé wọ́n gbọ́, ọmọ mi?" Kí n tó lanu, ijó ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì sọ òótọ́ fún wọn mọ́.

Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò tú pákó ilé wọn, wọ́n lọ tún un kọ́ jìnnà sí òkun. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa bá dé ńkọ́, tí wọn ò bá wa nílé?"