Ẹ̀kúnwọ́ Erùpẹ̀

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń yin olùkọ́ oko wa lónìí, ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ bú u. Mi ò ní í purọ́. Ẹnu mi yìí kì í sinmi.

Ọmọbìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ìjọba gbé e wá pé kó máa kọ́ àwa àgbẹ̀. Ó gun alùpùpù dé, ó wọ bàtà róbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ní, "Òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹ gbin àgbàdo." Èmi opó ọlọ́mọ mẹ́ta gbọ́ràn sí i lẹ́nu, mo gbin gbogbo irúgbìn tí mo ní. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó padà. Àgbàdo mi hù, ó sì gbẹ pátápátá. Kí làwọn ọmọ mi fẹ́ jẹ?

Mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Mo bú u débi pé akọ̀wé tó ń tẹ̀wé dáwọ́ dúró. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ìyá, ohun tó wà nínú ìwé ló sọ. Kò jẹ̀bi."

Àfi bí ọmọbìnrin náà ṣe dìde. "Rárá, ọ̀gá. Ìwé kọ́ ló lọ bá wọn lóko, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Họ́wù! Èébú tó kù lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ní Sátidé, ó gbé irúgbìn tó fowó ara rẹ̀ rà wá, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó dé, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tẹ́ẹ máa gbìn?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ dé ìgúnpá, mo bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, mo fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. "Tí mo bá la ọwọ́ tó fọ́n ká, omi ò tíì dénú ilẹ̀, ó kù díẹ̀. Tó bá dì mọ́ra, mo gbìn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì yẹn la jẹ. Ebi ò pa ọmọ mi.

Látìgbà náà, gbogbo abúlé tó bá ń lọ ló ń mú mi dání. "Olùkọ́ mi rèé," ló máa ń wí. Èmi tí mi ò mọ̀wé! Ó di ọ̀gá, ó di dírẹ́kítọ̀. Bàtà róbà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì ọ́fíìsì rẹ̀, tòun ti ẹrẹ̀. Ó ṣòfin pé òṣìṣẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ kọ́ àgbẹ̀ kankan láìjẹ́ pé ó ti bá àgbẹ̀ roko fọ́dún kan. Wọ́n kùn. Ó ní kí wọ́n lọ kùn lóko, ibẹ̀ láyè.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ó wá dá oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lọ́jọ́ kejì òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí, àwọn àgbẹ̀ ti pé lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń retí ohun tí dírẹ́kítọ̀ máa sọ. Ó kọjú sí mi, tòun ti ewú lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká gbìn?"

Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú. Orúnkún mi ò ṣeé kúnlẹ̀ mọ́, ló bá bá mi gbẹ́ ilẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo fún un pọ̀, mo la ọwọ́. Ó fọ́n ká.

"Ó kù díẹ̀," mo wí.

Ó di ẹnu àpò irúgbìn rẹ̀. Gbogbo wọn di tiwọn, a sì jọ padà sílé.