Àwo Tí Ìyá Mi Ní Kò Gbọdọ̀ Fọ́

Orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ bàbá mi ni Ọ̀túnla. Télọ̀ ni, aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán, bí oníbàárà bá sì ti béèrè aṣọ rẹ̀, á ní kó padà wá lọ́túnla. Bí ọ̀túnla bá pé, á tún ní ọ̀túnla. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, aṣọ rẹ̀ kì í tú lójú rírán, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn á ti ga ju ṣòkòtò náà lọ kó tó parí rẹ̀.

Pálọ̀ wa ló sọ di ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni ìyá mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga lẹ́yìn bàbá mi, á máa bá a rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, á máa sọ bí ọjọ́ ṣe lọ fún un. Bàbá mi ò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. "Mò ń gbọ́ ẹ," ni yóò máa wí. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀rọ lẹ̀ ń gbọ́." Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín. Àwàdà la pè é nígbà yẹn.

Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyá mi ti kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí àwo mi fọ́ o." Bàbá mi ṣèlérí fún un. Àwo funfun méjìlá kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní ìlà búlúù létí, tí a kì í gbé jáde àfi bí àlejò pàtàkì bá dé. Nígbà tí a sin ìyá mi tán, bàbá mi fi àgékù aṣọ wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ téèpù tó fi ń wọn aṣọ, tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ike ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ fi ń jẹun nílé bàbá mi. Inú máa ń bí mi. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ìyá mi la sin, kí ló dé tí òun tún sin àwo mọ́ ọn.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a kun yàrá rẹ̀ lọ́dà. Àwọn ìdì aṣọ kakí wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ga tó mi léjìká, láti ọdún pípẹ́ ló sì ti ń tò wọ́n lé ara wọn níbẹ̀. Mo kó wọn kúrò. Páálí kan ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé: ÀWO MI. Ẹ RỌRA. Mo ṣí i. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ ni ìyá mi sọ fún wa. Nígbà tó dénú wa, ó di odidi ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bàbá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Àwo tó ń sọ nìyí," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti fọ́ lábẹ́ ẹrù kakí. Ó ń to àfọ́kù wọn pọ̀ lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán wọn. Lẹ́yìn náà ló tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára téèpù, ó nà án sí mi, ó ní kí n lọ gbé àwo méjìlá yẹn jáde, kí a máa fi wọ́n jẹun.

Ọjọ́ náà ló sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí fún mi. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yìí àti giramafóònù kan ni ìyá mi gbé wá sílé ọkọ. Ọdún tí wọ́n bí mi ni giramafóònù náà dákẹ́. Ìyá mi ní kí bàbá mi bá òun gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó ní ọ̀túnla. Nígbà tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, kò sí àyè tí yóò gbé e sí, ló bá fi giramafóònù náà ta oníbàárà kan lọ́rẹ, ó sì gbé ẹ̀rọ tuntun sí ipò rẹ̀. Ìyá mi ò bínú. Ó kàn ní kó bá òun rán àpò kékeré kan, onígun mẹ́rin. Ó rán an, kò tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àpò náà ló wà nísàlẹ̀ páálí. Bàbá mi ò ní ṣàìmọ ojú rírán ara rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ti ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n tẹ orúkọ ìyá mi sí àárín rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀, torí kò tíì relé ọkọ nígbà náà. Òun ló lé orin náà, àwọn yòókù ló gbè é.

Fọ́tò ìyá mi pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohùn rẹ̀ nìkan ni a ò ní, torí kì í jẹ́ ká fi fóònù ká a sílẹ̀, á ní òun ò tíì múra. Nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ lára àwo yẹn, àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mo gbàgbé pé ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi. Mo bi bàbá mi bóyá ìyá mi kọrin fún un rí.

"Ó máa ń kùn tó bá ń rán bọ́tìnì," ló wí. "Mo rò pé ó ń ka iye wọn ni." Ó dá àwo náà padà sínú àpò rẹ̀, ó ní, "Lọ́la la máa lọ ra ẹ̀rọ tó máa kọ ọ́."

Lọ́la. Ọ̀túnla fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjinnía la lọ, nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún fáànù tí kò lápá àti tẹlifíṣọ̀n tó dojú kọ ògiri. Ẹ̀rọ méjì tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ní. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó pupa, ó lọ́wọ́ tí a lè fi gbé e bí àpótí ìrìnàjò, sípíkà rẹ̀ sì wà nínú ara rẹ̀. Ìkejì ti gbó, onípákó ni, ìdérí rẹ̀ ti ṣí, sípíkà rẹ̀ sì dá wà lọ́tọ̀. Ojú mi ò kúrò lára pupa. Bàbá mi ò wo ti pupa, kò wo ti pákó. Ó ní kí Ẹnjinnía fi abẹ́rẹ́ wọn tó ń gun orí àwo han òun.

Ẹnjinnía rẹ́rìn-ín, ó ní ohùn làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bàbá mi ti yọ awò kékeré tó fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ti tẹ̀ba lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Nígbà tó wò ó tẹ́rùn, ó béèrè bí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wúwo tó lórí àwo. Ẹnjinnía ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú òṣùwọ̀n kékeré kan jáde, ó fi abẹ́rẹ́ lé e. Ti pupa lé ní gíráàmù márùn-ún. Ti pákó ò tó méjì, irin kan sì wà ní ìdí apá rẹ̀ tí a lè yí kó túbọ̀ fúyẹ́.

"Baba, pupa yẹn á kọrin fún yín o," ni Ẹnjinnía wí, "ṣùgbọ́n á máa jẹ àwo yín díẹ̀díẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán kakí, a kì í fi rán sílíìkì," ni bàbá mi dáhùn. "Gbé onípákó fún mi."

Mo ní ẹ̀rọ tó ti gbó báyìí lè kú láàárín oṣù kan. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó bá kù, èrè ni." Ẹnjinnía fẹ́ fi àwo inú àpò tí bàbá mi gbé dání dán ẹ̀rọ wò fún wa, bàbá mi fà á mọ́ra. Òmíràn, àwo ńlá kan, ló mú wá fún ìyẹn. Ó kọrin dáadáa, Ẹnjinnía sì fi bọ́tìnì kan hàn mí, ó ní àwo ńlá máa ń yí jẹ́jẹ́, àwo kékeré máa ń yára, kí n má gbàgbé.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ti ẹ̀rọ ìránṣọ kejì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé onípákó sí ipò rẹ̀, níbi tí giramafóònù ti wà tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi bó ṣe máa ń ṣe.

Ohùn tó jáde wúwo, ó ń wọ́ tuuru bíi ti baba arúgbó. Èjìká bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. "Kì í ṣe òun nìyẹn," ló wí. Mo ti gbàgbé bọ́tìnì. Mo sáré yí i, mo sì dá abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀.

Ohùn ọmọbìnrin ló jáde lọ́tẹ̀ yìí, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń fà á nígbà tó bá ń pè wá wọlé láti ìta. Mo di ẹnu mi mú. Ẹsẹ̀ bàbá mi ti wà lórí pẹ́dàlì, àṣà ti mọ́ ọn lára. Ó wò ó, ó gbé e kúrò, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí àwọn elégbè dákẹ́, tó ku ìyá mi nìkan, bàbá mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Mò ń gbọ́ ẹ," ló wí.

Mo mọ èsì tó yẹ kó tẹ̀lé e. Gbogbo wa nílé ló mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ ọ́ fún un, torí òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́.